Ìwé Kékeré Tí Ń Gba Ẹ̀mí Là Nínú Bààlúù

  

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí bààlúù. Kì í ṣe bààlúù ńlá tí ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò. Èyí kékeré ni, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti àwọn olówó ń rà fún ara wọn. Ẹnì kan lè béèrè pé, "Kí ló kàn mí nínú bààlúù olówó, èmi tí mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko?" Ìbéèrè náà dára. Ẹ ní sùúrù fún wa. Nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ náà tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an sì ni.

Irú bààlúù wo ni?

Oríṣi bààlúù méjì ni a lè fi kó èrò. Èkíní ni ti gbogbo ènìyàn. Ẹ san owó, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wọlé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wọ ọkọ̀ ní gáréèjì. Èkejì ni bààlúù àdáni. Ilé-iṣẹ́ kan tàbí olówó kan ló ni ín. Òun ló gba awakọ̀ sí iṣẹ́. Òun ló ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ àti àkókò tí ó fẹ́ kí wọ́n gbéra. Irú bààlúù bẹ́ẹ̀ máa ń gba ènìyàn bí 8, tàbí 12, tàbí 16. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀rọ méjì lẹ́yìn, nítòsí ìrù. Àwọn kan nínú wọn lè fò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Yúróòpù láì balẹ̀ lọ́nà.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú bààlúù yìí pọ̀ sí jù lọ láyé. Nítorí náà, ibẹ̀ ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa. Ní ilẹ̀ náà, òfin tó de bààlúù gbogbo ènìyàn le ju òfin tó de bààlúù àdáni lọ. Ẹni tó ń fi bààlúù ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ àti àlejò rẹ̀, ìjọba fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ fún un láti ṣètò fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí awakọ̀ bààlúù àdáni fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọlọ́pàá ara rẹ̀. Bí kò bá ṣọ́ ara rẹ̀, ó lè pẹ́ kí ẹlòmíràn tó bá a ṣọ́ ọ.

Ibi tí ìwé àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀

Gbogbo awakọ̀ bààlúù ló ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́. A ó máa pè é ní ìwé àyẹ̀wò. A kọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣe sínú rẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ti kí a tó tan ẹ̀rọ, ó ní ti kí a tó sáré lórí pápá, ó ní ti kí a tó balẹ̀. Kò gùn. Bí ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa bá ti mọ ìwé kà, ẹ lè ka irú rẹ̀ tán kí omi ẹ̀kọ tó hó.

Báwo ni ìwé yìí ṣe dé? Ikú ló bí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1935, ní pápá Wright Field, nítòsí ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ dán bààlúù ogun tuntun kan wò. Ilé-iṣẹ́ Boeing ló ṣe é. Ó tóbi ju èyí tí ojú mọ̀ lọ, ó sì ní ẹ̀rọ 4. Ọ̀gá sọ́jà kan tó ń jẹ́ Ployer Hill ló wà á. Kì í ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́. Ògbólógbòó awakọ̀ ni. Bààlúù náà sáré, ó gbéra, ó gbé imú sókè jù, agbára rẹ̀ sì tán lójú òfuurufú. Ó já lulẹ̀, ó gbiná. Hill kú. Leslie Tower, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ Boeing tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀, kú lẹ́yìn náà nítorí ọgbẹ́ tó gbà.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ náà yóò padà wá lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ìrù bààlúù, àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà tí ń lọ sókè sódò. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní ewé ìrù. Òun ni awakọ̀ ń lò láti gbé imú bààlúù sókè tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí bààlúù bá dúró lórí ilẹ̀, atẹ́gùn líle lè máa gbá ewé ìrù yìí síwá sẹ́yìn títí yóò fi bàjẹ́. Nítorí náà, wọ́n ṣe ìdè kan sí i. Ìdè yìí ń mú un dúró gbọn-in gbọn-in, gẹ́gẹ́ bí apẹja ti ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn létí ọ̀sà. Ohun rere ni ìdè náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú okùn. Lọ́jọ́ yẹn ní ọdún 1935, ẹnikẹ́ni kò rántí tú ìdè.

Nígbà tí àwọn awakọ̀ yòókù jókòó láti ro ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sọ pé Hill kò mọ iṣẹ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ pé iṣẹ́ inú bààlúù náà ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fi orí nìkan rántí lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó ṣe ohun kan, wọ́n á ka ìwé. Irú bààlúù yẹn kan náà ló di èyí tí a ń pè ní B-17. Wọ́n ṣe iye tó ju 12,000 lọ nínú rẹ̀, ó sì fò káàkiri ayé. Bààlúù kò yí padà lọ títí. Ìwé ni wọ́n fi kún un.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ènìyàn méjì ló ń jókòó níwájú bààlúù irú èyí. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá, ọ̀kan jẹ́ igbákejì. Ìwé náà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń kà sínú. Ẹnì kan á kà á sókè, ẹnì kejì á fi ojú wo nǹkan náà, á fi ọwọ́ kàn án, á sì dáhùn. Ẹni kìíní á ní, "Ìdè?" Ẹnì kejì á wo ọ̀pá ìdè, á ní, "A ti tú u." Ẹni kìíní á ní, "Epo?" Ẹnì kejì á wo aago epo, á sì ka iye tó wà níbẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá wá, wọn kò ní tẹ̀síwájú.

Lẹ́yìn èyí, àyẹ̀wò kan wà tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀. Awakọ̀ á ti ọ̀pá ìdarí síwájú dé òpin, á fà á sẹ́yìn dé òpin, á yí i sí ọ̀tún àti sí òsì, á sì tẹ ti ẹsẹ̀. Bí ìdè bá ṣì wà, ọ̀pá náà kò ní rìn. Ọwọ́ á sọ fún un. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò tó ìṣẹ́jú kan.

Àwọn ìlànà mìíràn wà pẹ̀lú. A ó dárúkọ mẹ́ta.

Èkíní: nígbà tí bààlúù bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́. Kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí ìròyìn ọjà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ èyí di òfin fún bààlúù gbogbo ènìyàn ní ọdún 1981, fún ìgbà tí bààlúù bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 3,000 mítà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní bààlúù àdáni náà ti mú un lò.

Èkejì: bí bààlúù bá ń bọ̀ wá balẹ̀ tí ìyára rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí tí kò wà ní ojú ọ̀nà, tàbí tí awakọ̀ kò rí pápá níbi tí ó yẹ kó ti rí i, kò gbọdọ̀ fi ipá balẹ̀. Kí ó tún gbéra, kí ó yí ká, kí ó tún un ṣe, tàbí kí ó lọ balẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: igbákejì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé "Dúró!" Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé sí ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn baba wa sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú bààlúù, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bedford ní ọdún 2014

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti Bedford. Ìlú kan ni ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2014, bààlúù àdáni kan wà níbẹ̀. Gulfstream G-IV ni orúkọ irú rẹ̀. Ó fẹ́ lọ sí Atlantic City. Àwọn awakọ̀ méjì, òṣìṣẹ́ obìnrin kan àti èrò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn èrò náà ni Lewis Katz, olówó tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ìwé ìròyìn ní ìlú Philadelphia.

Àwọn awakọ̀ méjèèjì kì í ṣe òpè. Wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti jọ ń wà á pa pọ̀ fún ọdún bí 12. Wọ́n mọ bààlúù náà bí àgbẹ̀ ti mọ ọ̀nà oko rẹ̀ lóru.

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Àpótí kan wà nínú bààlúù tí ń gba ohùn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn, wọn kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé àyẹ̀wò. Wọn kò gbọ́ ti kí a tó tan ẹ̀rọ, wọn kò gbọ́ ti kí a tó sáré. Ẹnikẹ́ni kò ti ọ̀pá ìdarí síwájú sẹ́yìn láti wò ó. Ìdè sì wà lára ewé ìrù.

Bààlúù bẹ̀rẹ̀ sí sáré lórí pápá. Awakọ̀ ti ọ̀pá agbára síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kò lọ dé ibi tí ó yẹ kó dé. Àmì nìyẹn. Ìdè náà ló ń dá a dúró. Wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyára ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó tó àkókò tí ó yẹ kí imú bààlúù gbéra, kò gbéra. Ọ̀gá kígbe pé ìdè wà níbẹ̀. Ó tún un sọ léraléra.

Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n bá ti fà á dúró láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 11, bààlúù náà ìbá dúró lórí ilẹ̀ tí a fi ọ̀dà ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kò tètè fà á dúró. Ó jọ pé wọ́n ń gbìyànjú láti tú ìdè náà bí bààlúù ti ń sáré lọ. Ìyára rẹ̀ dé nǹkan bí 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n wá tẹ bíréèkì, pápá ti fẹ́ tán. Ó kọjá òpin pápá, ó fọ́ ọgbà, ó ṣubú sínú kòtò odò kékeré kan, ó sì gbiná. Gbogbo àwọn 7 náà ló kú.

Ẹ wo ọdún 1935, ẹ wo ọdún 2014. Ọdún 79 ló wà láàárín. Ìdè tí a kò tú kan náà ni. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ní ọdún 1935 kò tíì sí ìwé àyẹ̀wò. Ní ọdún 2014, ìwé wà. Kò sí ẹni tó kà á sókè.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀. NTSB ni wọ́n ń pè é. Àjọ náà wo àkọsílẹ̀ tó wà nínú bààlúù náà fúnra rẹ̀. Wọ́n wo ìgbéra 175 tó ṣáájú ti ọjọ́ ìjàm̀bá. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Nínú 175 náà, 2 péré ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ọ̀pá ìdarí ní pípé. Nínú 16, wọ́n ṣe é ní àbọ̀. Nínú àwọn tó kù, wọn kò ṣe é rárá. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: 2 àti 16 jẹ́ 18. Bí a bá yọ 18 kúrò nínú 175, ó ku 157.

Èyí ni pé kì í ṣe ìgbàgbé ọjọ́ kan. Àṣà ni. Ìgbà 157 ni wọ́n gbéra láì ṣe àyẹ̀wò, tí nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ń sọ sí wọn létí pé, "Ẹ ò rí nǹkan? Kò séwu." Àìséwu àná ni ó tàn wọ́n jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ejò ti ń bẹ nínú koríko. Ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá nígbà ọgọ́rùn-ún lè rò pé ejò kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àjọ náà tún bá àwọn mìíràn wí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó yẹ kó dènà agbára bààlúù nígbà tí ìdè bá ṣì wà kò dènà rẹ̀ tó bí ó ti yẹ, àti pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe bààlúù náà kò dán an wò dáadáa, ìjọba pàápàá kò sì rí i. Nítorí náà, ẹ̀bi kò wà lórí ènìyàn méjì nìkan. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí kò tó ìṣẹ́jú kan ìbá ti fi gbogbo rẹ̀ hàn kí bààlúù tó kúrò lójú kan.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn olùyẹ̀wò láti òde ti wo iṣẹ́ bààlúù náà ṣáájú, wọ́n sì ti fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ètò àbò rẹ̀ dára. Ìwé ẹ̀rí wà, ìwà kò bá a mu. Ìwé tí a gbé kọ́ ara ògiri kì í tú ìdè.

Ẹnì kan lè ní àwọn méjì yìí nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rárá o. Lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, ẹgbẹ́ àwọn tó ní bààlúù ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NBAA, wo àkọsílẹ̀ ìgbéra 143,756 láti ọdún 2013 sí 2015. Wọ́n rí i pé nínú ìgbéra 100, nǹkan bí 18 ni àyẹ̀wò náà kò ti pé. Nínú nǹkan bí 2, wọn kò ṣe é rárá. Ẹgbẹ́ náà kò fi èsì yìí pamọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo awakọ̀ lè kà á kí wọ́n sì yí padà. Ìwà àgbà nìyẹn. Ẹni tó bo egbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í rí oògùn gbà.

Ìkánjú ọ̀gá

Ewu kejì tún wà nínú bààlúù àdáni. Ẹni tó ni owó ló jókòó lẹ́yìn awakọ̀. Bí ó bá ní "Ẹ jẹ́ ká lọ", ó ṣòro fún ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ní "Rárá".

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2001, bààlúù kan gbéra láti Los Angeles lọ sí Aspen, ìlú kan láàárín òkè gíga ní ìpínlẹ̀ Colorado. Èrò 15 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 3. Olówó kan ló háyà rẹ̀ fún àwọn àlejò rẹ̀. Àwọn èrò pẹ́ kí wọ́n tó dé, bààlúù sì pẹ́ kó tó gbéra. Ní Aspen, irú bààlúù náà kò gbọdọ̀ balẹ̀ lẹ́yìn àkókò kan ní alẹ́. Wọ́n sọ fún ẹni tó háyà rẹ̀ pé ó lè jẹ́ ìlú mìíràn ni wọn yóò balẹ̀ sí. Inú bí i. Ọ̀rọ̀ náà dé etí awakọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Aspen, òjò dídì ń rọ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Àwọn bààlúù mìíràn tó ṣáájú wọn kò rí pápá, wọ́n sì yí padà. Awakọ̀ yìí sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí ìlànà ní kó dúró sí, láì rí pápá. Bààlúù náà forí sọ ẹ̀gbẹ́ òkè. Gbogbo àwọn 18 náà ló kú. Àjọ NTSB kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ìkánjú ẹni tó háyà bààlúù náà wà lára ohun tó fà á.

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbọ́n ti fi òfin lélẹ̀ pé bí awakọ̀ bá ní a kò lè lọ, ọ̀gá kò ní bi í pé kí ló dé títí wọn yóò fi padà délé. Ọ̀gá tó gbọ́n ni ẹni tó gbà kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ pé rárá.

Kutonú ní ọdún 2003

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2003, ọjọ́ Kérésìmesì. Bààlúù Boeing 727 kan gbéra ní Kutonú, ó ń lọ sí ìhà Beirut. Kì í ṣe bààlúù àdáni, ti gbogbo ènìyàn ni. Kò lè ga bí ó ti yẹ. Ó gbá ilé kékeré kan lópin pápá, ó sì já sí etí òkun. Ó lé ní ènìyàn 130 tó kú.

Àwọn olùwádìí rí i pé ẹrù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì wọ̀ síwájú jù. Awakọ̀ kò mọ iye ẹrù náà gan-an, nítorí kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìlànà wà pé kí a wọn ẹrù, kí a kọ ọ́, kí awakọ̀ kà á. Ibi tí a kò bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, àfojúdíwọ̀n ló ń jọba.

Kí ni èyí kọ́ wa?

Ẹ̀yin ará, ní ilé ẹ̀kọ́ wa ti alẹ́, àwọn kan máa ń ní, "Mo ti mọ iṣẹ́ mi láti kékeré. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?" Àwọn awakọ̀ Bedford mọ iṣẹ́ wọn. Ìwé kì í ṣe fún òpè nìkan. Ẹni tó mọ̀ jù ni ìwé wúlò fún jù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti yára ju ojú rẹ̀ lọ.

Àwọn dókítà pàápàá ti kọ́gbọ́n lára àwọn awakọ̀ bààlúù. Ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Kí wọ́n tó fi abẹ kan ènìyàn, wọ́n á bi ara wọn léèrè sókè pé: ta ni aláìsàn yìí? Ibo ni a fẹ́ ṣe? Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn ní ìlú 8 káàkiri ayé. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, iye àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 15 nínú 1,000 sí 8 nínú 1,000. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀. Ìwé kíkà sókè ni.

Àwa náà lè ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ní ẹ̀rọ ìlọgbàdo lè kọ ọ́ sára pátákó, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ wo bí a ṣe lè kọ ọ́:

1. Ṣé òróró wà nínú ẹ̀rọ?
2. Ṣé omi wà níbẹ̀?
3. Ṣé bẹ́líìtì kò já, ṣé a sì ti bò ó?
4. Ṣé a ti di aṣọ àti gèlè wa mọ́ra?
5. Ṣé ọmọdé kò sí nítòsí?

Ìlà márùn-ún péré. Kí ẹnì kan kà á, kí ẹnì kejì wò ó kó sì dáhùn. Kí wọ́n ṣe é ní àárọ̀ gbogbo, títí kan ọjọ́ ọjà tí èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí a ń kánjú gan-an ni ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ fò ó.

Ẹni tó ń gun zémídján lè kọ tirẹ̀: bíréèkì, iná, táyà, epo, akoto. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó èrò lórí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ lè kọ tirẹ̀: iye èrò, omi inú ọkọ̀, okùn. Ẹni tó ń fọ́n oògùn sí òwú lè kọ tirẹ̀: ìwọ̀n oògùn, ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, aṣọ tó bo ara, omi àti ọṣẹ. Kí ó má ju ìlà mélòó kan lọ. Ìwé tó bá gùn jù, a ó sá fún un.

Igi gànngàn-ràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ìwé ni a fi ń wò ó láti òkèèrè.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ni iṣẹ́ ìdè tó wà ní ìrù bààlúù? Nígbà wo ló dára, nígbà wo ló di ewu?
2. Nínú ìgbéra 175, mélòó ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ní pípé?
3. Kí ló dé tí ó fi yẹ kí ẹnì kan kà, kí ẹlòmíràn sì dáhùn?
4. Níbi iṣẹ́ rẹ, kí ni "ìdè" tí o lè gbàgbé láti tú? Kọ ìlà márùn-ún sílẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ, kí o sì kà á sókè fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ.

Ibi tí a ó dá ọ̀rọ̀ dúró sí lónìí nìyí. Ẹni tó bá ti kọ ìlà márùn-ún tirẹ̀, kó mú un wá sí ìpàdé ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀.  Kí ọ̀nà má nà wá o. Ó dàbọ̀.